Ọwọ́ àti Oòrùn Ló Bá Wa Yan Ọ̀dà Ilé

Bí ènìyàn bá ti sọ pé òun fẹ́ kun ilé, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ lò?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn yá jù. Láti ìgbà tí a ti tún ilé bàbá wa kùn ní Iléṣà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ̀ mí, ohun tí mo máa ń bi í ni pé: ta ló ń fọwọ́ kan ògiri yẹn, kí ló sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fọwọ́ kàn án? Oòrùn àárọ̀ ló ń wọ yàrá náà ni, àbí ti ìrọ̀lẹ́? Bí a bá ti rí ìdáhùn sí èyí, káàdì àwọ̀ tó máa ń da ojú ènìyàn rú á di ohun kékeré.

Ilé náà wà ní apá Ìta Balógun. Bàbá bàbá wa ló kọ́ ọ. Òṣómàáàló ni wọ́n. Wọ́n á ru aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, nígbà tó bá yá wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Owó aṣọ yẹn ni wọ́n fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ṣe kọ́ tiwọn káàkiri Iléṣà. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn dáadáa, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ yàrá bílọ́ọ̀kù lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó kú. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Èkó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀. Màmá wa ló ń gbé ilé náà, àwọn ọmọ-ọmọ sì máa ń kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ nígbà ọlidé. Àbúrò mi ń fowó ránṣẹ́, èmi tí mo jẹ́ tíṣà nílùú ni mo dúró ti iṣẹ́. Bàbá pénítà tó bá wa ṣe é ti ń kun ilé láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni mo sì fi rí ìyókù.

Ọ̀rọ̀ omi ló ṣáájú. Ẹni tó kun ilé náà kẹ́yìn kí tiwa tó dé, gílọ́ọ̀sì ló fi kun ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ilẹ̀ dé ìbàdí, torí pé ó ń dán, ó sì ṣe é fọ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí o bá fi èékánná tẹ ibi tó wú, á bẹ́, omi díẹ̀ á jáde, amọ̀ rírọ̀ á sì tẹ̀lé e. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń bú ọ̀dà. Bàbá pénítà ní ọ̀dà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gé ọ̀rá kan tó mọ́ gaara, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, wọ́n fi sẹ́lòtéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibi tí ọ̀dà ti hó, wọn ò fi àyè sílẹ̀ tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Nígbà tí a padà dé ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, inú ọ̀rá náà, ní apá tó kọjú sí ògiri, ti sẹ ìrì wínníwínní.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fọwọ́ kàn án," wọ́n ní. "Ká ní ẹ̀yìn ọ̀rá níta ni omi yìí wà, à bá ní afẹ́fẹ́ inú ilé ló tutù. Inú ògiri lèyí ti ń bọ̀."

Ilé àtijọ́ bíi tiwa kò ní ohun tí wọ́n tẹ́ sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri láti dá omi ilẹ̀ dúró. Bí òjò bá ti rẹ ilẹ̀, omi á máa gun ògiri díẹ̀díẹ̀, á sì fẹ́ gba ojú ògiri jáde. Bí ohun tí a fi bo ojú ògiri bá wá jẹ́ èyí tí kò lè mí, omi á há sẹ́yìn rẹ̀, á sì tì í dànù. Kò sí àwọ̀ tó lè dúró lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀dà olówó iyebíye. A kó iyẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá ti gbá jọ sí ìdí ògiri níta kúrò. A ṣe gọ́tà kí omi òrùlé má bàa máa já síbẹ̀ mọ́. A hó gílọ́ọ̀sì náà dànù, a sì fi ògiri sílẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn bá wa gbẹ ẹ́. Ẹmọ́ṣọ̀n, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò, èyí tí kì í dán, ni a wá fi kùn ún, torí pé òun máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin gba ara rẹ̀ kọjá.

Yàrá tuntun tó wà lẹ́yìn ní wàhálà tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń jẹ àwọ̀, omi tó ń ti inú rẹ̀ jáde sì máa ń gbé iyọ̀ funfun wá sójú ògiri. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 4 ni kí a fún un kó tó kan ọ̀dà; bó bá jẹ́ àsìkò òjò, kí a fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi ń kánjú torí ọdún Kérésì, ó ní kí a ṣáà kùn ún. Mo kọ̀. Bí iyọ̀ yẹn bá yọ, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a kúrò. Bí ẹ bá bu omi lù ú, á yọ́ wọ inú ògiri padà, á sì tún jáde lọ́jọ́ mìíràn.

Àsìkò tó dára jù fún iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa ni ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ kò sì tíì mú. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ọ̀dà kíákíá jù, eruku rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tí gílọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ẹ bá mi dúró díẹ̀ lórí bí ọ̀dà ṣe ń dán tó, torí pé ibẹ̀ ni mo rí i pé àwọn ènìyàn kì í bìkítà sí, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi sì wà. Ìyẹ̀fun tó ń fún ọ̀dà láwọ̀ wà nínú agolo. Lẹ́ẹ̀ tó ń di ìyẹ̀fun náà mú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, omi sì wà níbẹ̀, tàbí epo bó bá jẹ́ gílọ́ọ̀sì, èyí tó máa gbẹ lọ. Bí lẹ́ẹ̀ bá pọ̀ dáadáa, ojú ọ̀dà á jọ̀lọ̀, á dán, ìdọ̀tí kò ní í ríbi wọ̀ sí. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ló pọ̀, ojú rẹ̀ á rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ, kò ní dán, ohun tó bá sì kàn án á wọ inú rẹ̀ lọ. Irú èyí tí kì í dán yìí ni wọ́n ń pè ní mátì, ìdí sì nìyí tí a kì í fi í lè fọ̀ ọ́: kànìnkànìn tí ẹ fi ń nu ìdọ̀tí á máa nu ọ̀dà náà mọ́ ọn. Sátínì wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ń dán níwọ̀nba, ó sì ṣe é fi omi ọṣẹ nù.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú fi èyí tó ń dán kun gbogbo ilé? Ohun tí àbúrò mi béèrè nìyẹn. Bàbá pénítà kò bá a jiyàn lórí fóònù. Wọ́n dúró di alẹ́, wọ́n pa iná pálọ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ mọ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ máa sá lọ gbọọrọ lójú rẹ̀. Ògiri tí a ti ń wò lọ́sàn-án pé ó tẹ́jú wá yọ gegele àti kòtò. Ibi tí ọwọ́ bíríkìlà ti yà hàn, ibi tí wọ́n ti dí ihò ìṣó hàn, ojú ìlà kan tó já láti igun fèrèsé wálẹ̀ hàn, gbogbo rẹ̀ ló ní òjìji tirẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Ohun tí ọ̀dà tó ń dán máa ń ṣe sí ògiri nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Mátì ní tirẹ̀ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ojú kì í sì í rí àbùkù ògiri. Àbúrò mi pè padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí bàbá bá ṣe wí ni kí ẹ ṣe é." Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ògiri máa dán, ẹ wá owó sìkírídìn sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí owó kò bá sí, mátì kò ní í dójú tì yín. Pálọ̀ nìkan la ṣe sìkírídìn rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ pálọ̀ ni pé àga máa ń yí ògiri pálọ̀ wa ká ni. Àlejò á jókòó, á fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ á kan ògiri, ìpara irun á sì kù síbẹ̀. Nígbà tí a kó àga jáde, àmì orí àwọn ènìyàn tò lọ lára ògiri, wọ́n dúdú, wọ́n rí roboto. Mo dá èyí tó wà níbi tí bàbá wa máa ń jókòó sí mọ̀, torí pé ó ga ju àwọn tó kù lọ. Mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi apá ibẹ̀ ṣe ìkẹyìn. Sátínì la fi kun pálọ̀ látòkè délẹ̀, a kò sì sún àga kúrò lára ògiri, torí pé bí a ṣe ń gbé ilé nìyẹn. Ó tó kí ọ̀dà bá ìgbé ayé wa mu. Èmi ò rí ìdí tí àwa yóò fi máa yẹra fún ògiri nínú ilé wa. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ṣe àtẹ̀gùn: gbogbo ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé nígbà tó bá ń sáré gun òkè, sátínì ni; láti ibẹ̀ dé àjà, mátì. Àwọ̀ kan náà ni méjèèjì, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó kò ní mọ̀.

Ilé ìdáná ni wọ́n ti fún gílọ́ọ̀sì láyè. Ògiri bílọ́ọ̀kù ni tibẹ̀, ó gbẹ, epo pupa tó ń ta láti inú ìkòkò àti èéfín sítóòfù sì ń bá a jà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ògiri tí epo bá ti bò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ la fi fọ ògiri náà títí omi tó ń ṣàn wálẹ̀ fi mọ́, ó sì gbẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí a bá fi ẹmọ́ṣọ̀n kun orí èéfín, kò sí iye ìgbà tí a lè kùn ún tí àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú kò ní í tún yọ, torí pé omi inú ẹmọ́ṣọ̀n ló ń fa èéfín náà jáde. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi epo pò ló ń dí i pa. Ní ti balùwẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń hù lára ògiri ibẹ̀, kíkùn kì í pa á. Bílíìṣì tí a là mọ́ omi la fi fọ̀ ọ́ kí a tó fi sátínì kùn ún, fèrèsé sì gbọ́dọ̀ máa wà ní ṣíṣí.

Àwọ̀ wá kù. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Iléṣà, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún sì pọ̀ lójú ìran. Bí oòrùn ọ̀sán bá bọ́ sí àgbàlá wa, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti orí iyẹ̀pẹ̀ yẹn gba fèrèsé wọlé, ó sì ń gbé pupa dání. Ọ̀dà funfun kan náà tó funfun nini lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nísàlẹ̀ ó máa ń pọ́n fẹ́rẹ́ láti ọ̀sán lọ. Yàrá ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ògiri aládùúgbò tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, funfun tibẹ̀ sì ní ewé nínú. Kò sí káàdì tó lè sọ èyí fún ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí a ṣe ni pé a ra agolo kékeré nínú àwọn àwọ̀ tó wù wá, a ya páálí ńláńlá, a kùn wọ́n funfun ná, lẹ́yìn náà a fi àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kun tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Páálí dára ju ara ògiri lọ, torí pé ó ṣe é gbé kiri, àwọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn kò sì ní í tan ojú jẹ. Ẹ gbé e dúró lára ògiri tó dojú kọ fèrèsé, ẹ tún gbé e sára èyí tí fèrèsé wà. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ sì wò ó lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tí ẹ máa ń lò gan-an. Gílóòbù lágbára lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn tó ń tan funfun ganrangan, nọ́ńbà bíi 6500K ló máa ń wà lára páálí wọn. Àwọn tó ń tan bí iná àtùpà, 2700K tàbí 3000K ni tiwọn. Àwọ̀ kírímù kan tó wu gbogbo wa lọ́sàn-án di ohun tó rí bí ewé gbígbẹ lábẹ́ iná funfun yẹn. A kò lè sọ pé gílóòbù nìkan la ó pààrọ̀, torí pé bí iná ìjọba bá lọ, àtùpà alágbára oòrùn la máa ń tàn, funfun ganrangan sì ni tiwọn náà. Kírímù mìíràn tí pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀ la lò, òun sì dùn ún wò lábẹ́ gbogbo ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyí.

Àwọ̀ eérú ló wà lóde báyìí, àbúrò mi sì fẹ́ ẹ torí àwòrán ilé tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A gbé páálí tirẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn kì í wọ̀ dáadáa. Kò yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì tí wọn kò tíì kùn. Àwọ̀ eérú ń fẹ́ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tóbi, tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Nínú yàrá Iléṣà tí ògiri rẹ̀ nípọn tí fèrèsé rẹ̀ sì kéré, ó máa ń mú ọkàn wúwo. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì tún ń sọ ọ́ títí di òní. Ẹ sì rántí pé àwọ̀ tó bá wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń jin ju èyí tó wà lórí káàdì lọ, nítorí pé ògiri kan á máa ta àwọ̀ tirẹ̀ sórí èkejì. Bí méjì bá ń dù lọ́kàn yín, èyí tó fúyẹ́ ni kí ẹ mú.

Nígbà tí mo ń wá àwọ̀ fún ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ bàtà àti omi ìnulẹ̀ ti máa ń ta sí, ọkàn mi lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Àwọn obìnrin ló máa ń ya ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè níbẹ̀, wọ́n sì ń tún un yà nígbà ọdún òrìṣà náà. Funfun, pupa àti dúdú, àwọn àwọ̀ tí ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ń pèsè, ló gba iwájú nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ Ọ̀nà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, kọ́ ẹ̀kọ́ lára iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí. Àwọ̀ tó ti inú ilẹ̀ ibì kan jáde kì í bá ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ jà. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá wa sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sí ọjà Àtákúnmọ̀sà, mo ní kí ẹni tó ń po ọ̀dà bá mi po èyí tó sún mọ́ ọn. Òun la fi kun ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, mátì, kí ògiri lè máa mí. Ẹrẹ̀ ṣì ń ta sí i, ṣùgbọ́n ojú kì í rí i.

Ní ti iye ọ̀dà tí ẹ máa rà, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 12, tó gùn ní ẹsẹ̀ 12, tó ga ní ẹsẹ̀ 10, bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé méjì, ògiri rẹ̀ máa tó nǹkan bíi mítà 39 níbùú lóròó. Lítà kan ẹmọ́ṣọ̀n tó dára máa ń kun nǹkan bíi mítà 10 lẹ́ẹ̀kan lórí ògiri tó jọ̀lọ̀. Lítà 4 nìyẹn, lítà 8 bí a bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 yóò kun yàrá méjì, díẹ̀ á sì kù. Ògiri tí ojú rẹ̀ rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ máa ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pénítà bá sọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti tó yàrá mẹ́rin, ẹ wo iye omi tó ń dà sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá sì ju ẹyọ kan lọ, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan kí ẹ rò ó pọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí èkíní parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ máa hàn lára ògiri. Láti mọ ọ̀dà tó dára, bó bá ti gbẹ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Bí ìyẹ̀fun bá kún ọwọ́ yín, lẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ kò tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Àwọn ilẹ̀kùn àti férémù ilé wa ní gílọ́ọ̀sì àtijọ́ lára, ìpele lórí ìpele. Wọ́n máa ń fi òjé sínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nígbà àtijọ́, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní 2010, eruku òjé tó jáde níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Ìpínlẹ̀ Zamfara pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Bí a bá fi sáńpépà ha gílọ́ọ̀sì àtijọ́ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń rá, ọmọ á sì fi ọwọ́ yẹn sẹ́nu. Omi la fi rin àwọn ilẹ̀kùn wa kí wọ́n tó ha wọ́n. A tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, a kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n màmá wa, a sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ò fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òjé inú ọ̀dà má kọjá ni 90 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bí òjé bá wà nínú rẹ̀.

Yàrá màmá wa la kùn kẹ́yìn. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọ yàrá náà tààrà. Mo ti fẹ́ fi kírímù kun gbogbo rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀.

"Ọmọ mi, àwọ̀ aró ni mo fẹ́ o," wọ́n ní. "Aró dúdú, bíi ti àdìrẹ mi tó wà nínú àpótí yẹn."

Bàbá pénítà ló yanjú rẹ̀. Wọ́n ní bí aró bá yí yàrá ká, á mu ìmọ́lẹ̀ tán, màmá kò sì ní í ríran níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àgbà máa ń tètè rí ibi tí àwọ̀ dúdú àti funfun ti pàdé. Ògiri tó wà níbi orí ibùsùn nìkan la fi aró kùn, mẹ́ta tó kù di funfun tó ní kírímù díẹ̀, mátì ni gbogbo rẹ̀ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má bàa máa ta sí wọn lójú. A wá fi aró yẹn kan náà kun férémù ilẹ̀kùn àti ìlà kan yí súìṣì iná ká. Láàárín ògiri funfun, ẹnu ọ̀nà dúró gedegbe. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi pè láti Èkó, màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn kì í táràrà wá súìṣì mọ́ lóru, kó fowó ránṣẹ́ kí a fi aró kun férémù ilẹ̀kùn balùwẹ̀ náà. A ti kùn ún.